Dáì Aláwọ̀ Wúrà Kò Mú Lórí Irun Mi: Kí Ni Kí N Ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún 29 ni mí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Irun mi dúdú kirikiri. Rìlásà ni mo ń lò láti ilé ẹ̀kọ́ girama, àmọ́ ó ti pé oṣù 8 báyìí tí mo ti dá a dúró. Mo fẹ́ kí àwọ̀ wúrà máa yọjú nínú irun mi níbì kan níbì kan, kì í ṣe gbogbo orí. Mo ra dáì wúrà inú páálí, mo kùn ún fún ìṣẹ́jú 30, kò mú rárá. Onídìrí mi wá ní ká lo blíìṣì àti peroxide 40, pé ọjọ́ kan ṣoṣo la máa fi parí ẹ̀. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi ku ọ̀sẹ̀ 6. Màmá mi ní tí mo bá fi lè dán an wò, irun mi á já dànù ni. Nínú àwọn méjèèjì, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìmúra ìgbéyàwó o. Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí kí àyà rẹ má baà máa já: àwọ̀ wúrà ṣe é fi sí irun dúdú bíi tìrẹ, mo sì ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí irun wọn ṣì wà lórí wọn dòní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lú peroxide 40, kì í ṣe lọ́jọ́ kan, kò sì gbọdọ̀ kan apá ibi tí rìlásà ti kọjá. Màmá rẹ kò parọ́. Onídìrí rẹ náà kò fi gbogbo ẹnu parọ́, ó kàn fò lórí ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ọ́ ni.

Ti dáì páálí yẹn ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ni owó ọ̀pọ̀ obìnrin ń bá omi lọ. Bí o bá ti dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta rí, wàá ti rí àwọn aláàdìrẹ. Aṣọ funfun ni wọ́n ń mú, wọ́n á so ó, wọ́n á dì í, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Kò sí èyí nínú wọn tó máa gbé aṣọ tó ti mu aró yó, kó rì í sínú àwọ̀ ìyeyè, kó wá jókòó máa retí pé ìyeyè ló máa gbà jáde. Irun rẹ ni aṣọ tó ti mu aró yó yẹn. Dáì tí o kùn kò ṣàì wọlé. Dúdú tó bá nílé ló bò ó mọ́lẹ̀. Bí o bá dúró sínú oòrùn ọ̀sán, tí o gbé dígí dání, ó ṣeé ṣe kí o rí i pé irun náà pọ́n díẹ̀, bí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dógùn-ún. Gbogbo agbára rẹ̀ nìyẹn.

Àwa onídìrí ní òǹkà tí a fi ń wo irun, láti 1 dé 10. Dúdú bí èédú ni 1, wúrà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun ni 10. Láàárín 1 sí 3 ni irun ọ̀pọ̀ jù nínú wa wà. Dáì inú páálí máa ń gbé irun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kùn rí gòkè ní ìpele kan tàbí méjì. Obìnrin òyìnbó tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára páálí ti wà ní 6 tàbí 7 kó tó bẹ̀rẹ̀. Gígòkè méjì ti tó òun. Ìwọ tí o wà ní 2, bí o bá gòkè méjì, dúdú ni wọ́n á ṣì máa pè ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé o ti fi dáì dúdú pa irun rẹ láró tẹ́lẹ̀, kódà gígòkè méjì yẹn kò ní ṣẹlẹ̀, torí dáì kì í yọ dáì.

Nítorí náà, háíláìtì, ìyẹn àwọ̀ níbì kan níbì kan tí o fẹ́ yìí, kì í ṣe iṣẹ́ kíkùn lórí irun dúdú. Iṣẹ́ yíyọ ni. Àdìrẹ tí a ṣe láti ẹ̀yìn wá ni: aláàdìrẹ ń fi àwọ̀ síbi tó wù ú, àwa ń yọ ọ́ kúrò níbi tó wù wá, fóìlì tí a fi ń wé ìdì irun kọ̀ọ̀kan ló sì dúró fún okùn tí wọ́n fi ń so aṣọ. Fóìlì náà kì í ṣe nǹkan ìjìnlẹ̀ kankan o. Èyí tí àwọn kan fi ń se ọ̀lẹ̀lẹ̀ gan-an ni.

Ohun tó ń yọ àwọ̀ náà ni blíìṣì, lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ sánmà tí a ń fi peroxide pò. (Èyí tí wọ́n fi ń fọ ṣaláńgá àti aṣọ funfun kọ́ ni mò ń sọ, ìyẹn á yọ́ irun dànù. Mo ní láti sọ ọ́, torí ẹnì kan ti bi mí rí.) Wo ara ẹja kó o tó ha ìpẹ́ rẹ̀ kúrò: bẹ́ẹ̀ ni ara ẹyọ irun kan rí, ìpẹ́ ló bò ó. Abẹ́ ìpẹ́ yẹn ni àwọ̀ wà, òun ni wọ́n ń pè ní melanin. Blíìṣì á ṣí ìpẹ́, á wọlé, á sì máa fọ́ melanin náà wẹ́wẹ́ títí tí kò fi ní ní àwọ̀ mọ́.

Melanin inú irun pé méjì, dúdú kan, pupa kan. Dúdú ló máa ń tètè lọ. Pupa lágídí. Ìdí nìyẹn tí irun kì í fi ń fò láti dúdú bọ́ sí wúrà; ó ní ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ gbà. Yóò kọ́kọ́ pọ́n bí epo tó dì. Lẹ́yìn náà yóò dà bí ọsàn tó pọ́n dáadáa. Lẹ́yìn náà ìyeyè, lẹ́yìn náà inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Ibi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni ìpele 10, òun ni àwọn tó ń wá wúrà òyìnbó ń lé. Èmi kì í gbé irun tó dúdú bíi tìrẹ débẹ̀, àyàfi bí onítọ̀hún bá gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì lè gé e sọnù bó bá bàjẹ́. Àwọn obìnrin tí wọ́n gé irun mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì sọ ọ́ di wúrà rekete, ọgbọ́n wọn nìyẹn: irun náà kò pẹ́ lórí wọn débi tí ìyà á fi jẹ ẹ́. Fún ìwọ tó fẹ́ kí irun gùn, ibi tí ó dára kí o dúró ni láàárín ọsàn àti ìyeyè, ìpele 6 tàbí 7, ká wá fi tónà, àwọ̀ fẹ́lẹ́ tí a ń fi sí irun lẹ́yìn blíìṣì, tún un ṣe kó di àwọ̀ oyin. Lára awọ dúdú tàbí pupa rúsúrúsú tiwa, àwọ̀ oyin dùn-ún wò ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, bí wọ́n bá bi mí.

Bí a ti ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí, wo bí èdè wa ṣe lè kó bá èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù. Epo, pupa ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, a ní ó pọ́n. Èèyàn tí awọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ní ó pupa. Oníbàárà á wọlé, á ní “Ẹ jẹ́ kó pupa díẹ̀,” onídìrí á ṣe é bí epo, nígbà tó jẹ́ pé oyin ló wà lọ́kàn ẹni náà. Àwòrán ni kí o mú lọ, kó sì jẹ́ ti ẹni tí irun àti awọ rẹ̀ jọ tìrẹ.

Ó wá ku nọ́ńbà 40 yẹn. Nọ́ńbà ara ike peroxide ń sọ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó máa jáde lára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: lítà kan peroxide 20 lè tú lítà 20 ọ́síjìn sílẹ̀, ti 40 á tú lítà 40. Bí a bá fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kà á, 10 jẹ́ 3, 20 jẹ́ 6, 30 jẹ́ 9, 40 jẹ́ 12. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìdá 12 yìí ni òfin fi ṣe òpin fún ohun tí a fi ń ṣe irun. Ìyẹn ni pé ibi tí òfin ti parí ni onídìrí rẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé 40 yá. Irun náà á sì yára já. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé 20, bí a bá fún un láyè, lè gbé irun dúdú dé ọ̀pọ̀ ibi tí 40 ń gbé e dé. Á kàn pẹ́ jù ú lọ ni. Irun tiwa, irun tó ká kóńkó, kò ki bí a ṣe rò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbi kọ́ńkọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan tó ti yí, ibẹ̀ ló sì ti ń kán.

Ibi tó le jù lọ́rọ̀ rẹ ni rìlásà. Ohun tó ń mú irun lágbára ni àwọn okùn tín-ín-tín tó so inú rẹ̀ pọ̀. Nígbà tí rìlásà na irun rẹ, díẹ̀ nínú okùn wọ̀nyẹn ló já kí ó lè nà, wọn kì í sì í so padà. Blíìṣì náà, bó ti ń wá melanin kiri, á máa já okùn lójú ọ̀nà. Okùn kan náà la wá fẹ́ gé lẹ́ẹ̀mejì.

Ojú mi ló ṣe. Ọdún 2008, mi ò tíì pẹ́ tí mo gba firídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ẹnu ṣì ń yá mi pé mo ti dá dúró. Oníbàárà kan wọlé, òṣìṣẹ́ báńkì, ó ní òun fẹ́ wúrà níwájú orí. Mi ò bi í ní ìbéèrè kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló ti ṣe rítọ́ọ̀ṣì, ìyẹn fífi rìlásà sí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo po 40, mo kùn ún, mo fi ọ̀rá bò ó, mo tún tì í sábẹ́ dráyà kó lè yá. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú mo ṣí i wò, àwọ̀ náà rẹwà débi pé mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Ìgbà tí omi kàn án ni nǹkan yí padà. Irun náà rọ̀ lọ́wọ́ mi bí ewédú tí a ti fi ìjábẹ̀ lù. Mo fà á, ó ń bọ̀, ó ń gùn, kò padà sẹ́yìn. Mo fà á díẹ̀ sí i, ó tẹ̀lé ọwọ́ mi jáde sínú bẹ́síìnì. Obìnrin náà dojú sókè, ó ń bi mí, “Ṣé ó ti di wúrà?” Mi ò lè dá a lóhùn. Oṣù méje ni mo fi ń gán irun fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kí iwájú orí rẹ̀ tó tún hù. Kò bú mi lọ́jọ́ kan, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Irun wa sábà máa ń gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, nígbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀. Oṣù 8 tìrẹ, a lè sọ pé o ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 8 irun àdánidá nísàlẹ̀, ìyókù tó wà lókè rẹ̀ jẹ́ ti rìlásà. Ojú ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, níbi tí irun kíká ti ń bọ́ sí nínà, ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́ jù lórí rẹ báyìí, kódà bí a kò bá fi nǹkan kan kàn án. Bí onídìrí rẹ bá fi 40 kùn ún láti ìsàlẹ̀ dókè, ojú ibẹ̀ ni yóò ti kán, wàá sì pàdánù gbogbo gígùn tí o ń tọ́jú láti ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o fi ìgbéyàwó sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀sẹ̀ 6 kò tó. Kí n sì béèrè: ṣé o kò ní wé gèlè ni? Ta ló máa rí háíláìtì lábẹ́ gèlè tí wọ́n wé dé ìpéǹpéjú? Ti alẹ́, nígbà tí gèlè bá ti sọ̀kalẹ̀ tí ijó bá dé, ìyẹn ni kí o wá nǹkan ṣe sí. Ra wíìgì tàbí irun ìgán tó ní àwọ̀ méjì. O mọ nọ́ńbà wọn: 1B ni dúdú tí kò dúdú jù, 4 ni ìrísí ṣokoléètì, 27 ni oyin, 30 ni pupa bíi kọ́pà, 613 ni èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo ń wí. Béèrè fún 1B tí wọ́n fi 27 là láàárín. Wọ̀ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbéyàwó, lọ síbi iṣẹ́, ya àwòrán nínú ilé àti níta. Bí 27 kò bá bá ọ lára mu, owó wíìgì lo ná, irun orí rẹ kò mọ̀ sí i. Mo ti rí ju èèyàn márùn-ún lọ tí wọ́n ṣe báyìí tí wọ́n sì padà wá sọ pé 30 làwọn fẹ́.

Ká wá ní ìgbéyàwó ti kọjá, wúrà ṣì ń wù ọ́. Ọ̀nà méjì ló wà. O lè gé apá rìlásà kúrò kí a ṣiṣẹ́ lórí èyí tó kù, tàbí kí o dúró títí irun àdánidá náà yóò fi gùn tó bí o ṣe fẹ́, kí o máa gé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò ní yàn fún ọ. Bí ó bá ti wá tó àkókò, báyìí ni mo ṣe máa ń ṣe é, kí o lè mọ̀ bí ẹni tí o gbé orí fún bá ń fò kọjá nǹkan kan.

Mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ìtàn irun. Rìlásà, ìgbà wo? Dáì dúdú ńkọ́? Làálì ńkọ́? Làálì gidi, ewé lásán, kì í fi bẹ́ẹ̀ dí wa lọ́wọ́, àmọ́ àwọn kan tí wọ́n ń tà ní ọjà ní iyọ̀ irin nínú, irú èyí bá sì pàdé peroxide, ó lè gbóná, kódà kó rú èéfín lórí èèyàn. Omi ńkọ́? Bí omi bóhòòlù ilé rẹ bá máa ń fi àbàwọ́n pupa sílẹ̀ lára báàfù, irin inú rẹ̀ ti ń wọ irun rẹ lójoojúmọ́, ó sì ń da blíìṣì rú. Ṣàmpú tó ń fa irin jáde ni a máa fi ń fọ irú irun bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí awọ orí bá ní egbò, tàbí bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun tó le, a kì í bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ásímà, kó sọ, torí èéfín lẹ́búlẹ́bú yẹn máa ń dí àyà. Ó ti lé àwọn onídìrí míì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo máa ń ní kí oníbàárà fi òwú kó irun rẹ̀, irun kíkó ayé àtijọ́ tí ìyá àgbà wa mọ̀. Yóò na irun náà láìlo iná. Lọ́jọ́ kejì a ó tú u, a ó mú ìdì irun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òòyà onírù. Ibí yìí ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ lórí irun òyìnbó máa ń kùnà: wọ́n á mú ìdì tín-ín-rín tín-ín-rín, bíi ti irun tó nà. Irun kíká máa ń sún kì. Bí ó bá gbẹ tán, ìdì tín-ín-rín á wọnú dúdú lọ, ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Mú ìdì tó nípọn díẹ̀, kí ó má pọ̀: mẹ́rin tàbí márùn-ún níwájú, mẹ́ta sí mẹ́rin lókè orí, ó ti tó. Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan irun wẹ́wẹ́ etí iwájú orí, èyí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́. Kò lè gbà á.

Abọ́ ike ni a fi ń po blíìṣì, kì í ṣe abọ́ irin. Lẹ́búlẹ́bú kan sí peroxide 20 kan àtààbọ̀, kí ó ki bí ẹ̀kọ tó ń gbé ṣíbí dúró. Bí ó bá ṣàn, á jò jáde nínú fóìlì, á sì tò tótòtó sára dúdú bí ara ẹkùn. Bẹ̀rẹ̀ ní bíi ààbọ̀ ínṣì sí awọ orí. Dì í, má gbé e sábẹ́ dráyà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣí ọ̀kan wò, nu díẹ̀ kúrò, wo àwọ̀, tún un bò. Bí ó bá gbẹ, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí nìyẹn, kò sí ohun tó ń ṣe mọ́. Èmi kì í kọjá ìṣẹ́jú 45, ohun yòówù kí àwọ̀ náà jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pupa ló dé lọ́jọ́ náà, pupa la máa gbé lọ sílé. A ó fi tónà sọ ọ́ di kọ́pà tó wuyì, ó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8 kí a tó tún padà sórí rẹ̀. Oògùn tó ń so okùn inú irun pọ̀, bíi Olaplex tó jáde ní 2014, mo máa ń lò ó, ó sì ń ṣiṣẹ́. Kò tíì sọ irun rìlásà di irun tuntun fún mi rí.

Èyí tó kù lára blíìṣì nínú abọ́, má dé e sínú ike. Gáàsì inú rẹ̀ á tú u ká.

Tónà ni ọ̀pọ̀ kò lóye, bẹ́ẹ̀ àwọn ìyá wa ti ń ṣe irú rẹ̀ látọjọ́. Ṣé o rántí búlúù tí wọ́n ń fi sínú omi aṣọ funfun? Kò fọ ìdọ̀tí kankan. Aṣọ náà ló ti ń pọ́n, búlúù sì ń pa pípọ́n yẹn lójú ẹni, aṣọ á wá dà bíi tuntun. Ohun tí tónà ń ṣe nìyẹn. Búlúù ló ń pa àwọ̀ ọsàn, elésè àlùkò ló ń pa ìyeyè. Ṣùgbọ́n bí búlúù kò ṣe lè sọ aṣọ ankárá di funfun, tónà kò lè sọ irun tó ṣì wà ní ọsàn di èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tónà tó ní dáì nínú, kí wọ́n kan díẹ̀ sẹ́yìn etí rẹ ní wákàtí 48 ṣáájú, kí wọ́n wò bóyá ó máa yún ọ.

Lẹ́yìn èyí, ìtọ́jú ló kù, mi ò sì ní fi í gùn. Má di irun tó le fún oṣù kan. Fi ṣàmpú búlúù fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí ọsàn bá ti ń yọjú, ṣàmpú lásán tó rọra ní àwọn ìgbà tó kù, kọndíṣọ́nà ní gbogbo ìgbà. Àdín àgbọn ni kí o máa fi pa á ní alẹ́ tí o bá máa fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2003 fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì (mineral oil), ti àgbọn nìkan ló dín purotéènì tó ń ṣòfò lára irun kù, àti irun tó dá ṣáká àti èyí tí blíìṣì ti bà jẹ́. Bí irun tuntun bá hù nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi blíìṣì gba orí ibi tí a ti ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí o lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí gan-an, kó o tó pinnu ohunkóhun. Ní ẹ̀yìn ọrùn, nísàlẹ̀ níbi tí kò hàn, gé ìdì irun kan tó tó igi ìṣáná, gé e láti ìdí kí ó ní apá àdánidá àti apá rìlásà papọ̀. Fi òwú funfun so ìdí rẹ̀. Gbé e lọ fún onídìrí rẹ, kí ó fi blíìṣì àti peroxide 20 wé e sínú fóìlì fún ìṣẹ́jú 40, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ. Wàá rí bí apá méjèèjì ṣe yàtọ̀ sí ara wọn lórí ìdì kan náà. Lẹ́yìn náà, tún fi omi rin ín, gbé e fún màmá rẹ, kí wọ́n di orí kan mú, kí ìwọ di èkejì, kí ẹ jọ fà á. Bá mi kí wọn o.